Bátìrì Tó Ṣeé Ṣáájì: Ta Ló Yẹ Kó Rà Á?

  Ọ̀rọ̀ tòní kéré lójú, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló fà á. Ẹ̀yìn Ọjà-Ọba ni ìyá mi àgbà ń gbé, níbí ní Ìlọrin. Dókítà ní kí wọ́n máa wọn ìfúnpá wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì mú ìwé náà dání tí wọ́n bá ń bọ̀ ní ọsibítù. Èmi ni mo ra ẹ̀rọ BP fún wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, mo ṣí ìwé náà, mo rí i pé ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọn ò kọ nǹkan kan.

Mo ní, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò wọn ọ́n?"

Wọ́n ní, "Bátìrì ló kú. Mo ní n ò ní máa dà yín láàmú. Èyí tí o rà lóṣù tó kọjá ló tún kú yẹn."

Inú bí mi sí ara mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí dókítà kò ní mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, tìtorí bátìrì. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ lọ ra èyí tó ṣeé ṣáájì, kí ọ̀rọ̀ yìí parí. Mo gbé ẹ̀rọ náà sínú báàgì, mo sì gba ọ̀nà ọjà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọjà-Ọba, ọjà tó wà nítòsí ààfin Ẹ́mírì, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ rà tí ẹ ò ní rí níbẹ̀. Mo dúró lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta tọ́ọ̀ṣì, rédíò, fáànù kékeré àti oríṣiríṣi bátìrì.

"Àlàájì, ẹ kú ọjà o. Bátìrì tó ṣeé ṣáájì ni mo fẹ́."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ̀rọ BP ìyá mi àgbà ni, sà."

"Èwo ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mo yọ ọ̀kan fún wọn. Wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi èékánná tọ́ka sí lẹ́tà kan báyìí tí mi ò kà rí láyé mi. "Wo ibí yìí. R6. Ohun tó ń dà ẹ́ láàmú nìyẹn."

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn, àti èyí tí mo kà kún un nígbà tí mo délé, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Lẹ́tà tí a kì í kà

Gbogbo bátìrì AA, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní bátìrì fíńgà, gígùn wọn dọ́gba, sísanra wọn dọ́gba. Ohun tó wà nínú wọn ni kò jọra. Àmì tó ń sọ ohun tó wà nínú wọn sì wà lára wọn. Àmì kan náà ni wọ́n ń lò káàkiri ayé, torí náà, orílẹ̀-èdè yòówù kí wọ́n ti ṣe é, ẹ lè kà á.

Tí ẹ bá rí R6, bátìrì onísíńkì àtijọ́ nìyẹn. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ló fúyẹ́ jù, òun náà ni agbára rẹ̀ kéré jù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òun ni wọ́n sábà máa ń kọ "Heavy Duty" sí lára. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tàn yín.

Tí ẹ bá rí LR6, alkaline nìyẹn. Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa.

Tí ẹ bá rí HR6, èyí tó ṣeé ṣáájì nìyẹn. Nickel-metal hydride ni orúkọ rẹ̀, NiMH ni wọ́n sì máa ń kọ sí i lára.

Fún AAA, èyí tó tín-ín-rín jù, R03, LR03 àti HR03 ni. Tí ẹ bá rí KR, nickel-cadmium ni, irú èyí tó ṣeé ṣáájì láyé àtijọ́. Májèlé ni cadmium inú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kí ló dé tí R6 fi yára kú nínú ẹ̀rọ ìyá àgbà? Inú ẹ̀rọ BP ni mọ́tò kékeré kan wà tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ apá. Mọ́tò yẹn máa ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. R6 kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò bá ti bẹ̀rẹ̀, agbára bátìrì á wálẹ̀, ẹ̀rọ á sì ní bátìrì ti tán, bẹ́ẹ̀ ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn "òkú" bátìrì yẹn délé, mo kì í bọ aago ara ògiri, aago náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Aago ò fa iná tó nǹkan. Torí náà, kí ẹ tó sọ bátìrì nù, ẹ kọ́kọ́ fi aago tàbí rìmóòtù dán an wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí bí wọ́n ṣe máa ń sá bátìrì Tiger Head ńlá sóòrùn kí rédíò lè sọ̀rọ̀ sí i. Oòrùn kò dá agbára kankan padà. Ooru ló mú kí èyí tó ṣẹ́kù tún gbéra díẹ̀.

Ẹja ni àbí akèrègbè?

Bátìrì R6 àti LR6 dà bí igi ìdáná. Tí síńkì inú rẹ̀ bá ti jó tán, eérú ló kù, ẹ ò sì lè sọ eérú di igi. Ẹni tó bá kì í bọ ṣájà, gáàsì ló máa kó jọ sínú rẹ̀, ó lè jò, ó sì lè bẹ́. HR6 ní tirẹ̀ dà bí akèrègbè. Ohun tó jáde nínú rẹ̀, ẹ lè dá a padà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù nǹkan kan. R6 àti LR6, 1.5V ni wọ́n kọ sí i. HR6, 1.2V ni. Ṣé kò ní kéré jù? Nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, rárá. Bátìrì alkaline ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.5V lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró síbẹ̀. Bí ẹ ṣe ń lò ó ló ń wálẹ̀, á kọjá 1.2V, á sì máa lọ sí 0.9V. HR6 máa ń dúró sí agbègbè 1.2V fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó já lulẹ̀. Torí náà, ohunkóhun tó lè lo alkaline dé ìdajì lè lo HR6. Níbi iṣẹ́ tó ń fa iná púpọ̀, HR6 tilẹ̀ máa ń ju alkaline lọ. Síbẹ̀, ẹ ka ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá, torí àwọn kan máa ń sọ irú bátìrì tí wọ́n fẹ́.

Nọ́ńbà tó tóbi ju ara bátìrì lọ

Lára bátìrì tó ṣeé ṣáájì, ẹ óò rí mAh. Ìyẹn ni bí akèrègbè náà ṣe tóbi tó. HR6 tó jẹ́ ojúlówó sábà máa ń wà láàárín 1900 sí 2500 mAh. Ti AAA sábà máa ń wà láàárín 750 sí 1000. Nínú ara tó mọ níwọ̀n yìí, kò sí ẹni tó lè kó 4000 sí i. Bí ẹ bá rí AA tí wọ́n kọ 3000, 4000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí, irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń parọ́ lórí èyí, kí ni kò ní parọ́ lé lórí?

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú bátìrì 18650 tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì àti fáànù kékeré. Èyí tó dára kì í sábà ju nǹkan bí 3500 mAh lọ, ṣùgbọ́n ẹ óò rí èyí tí wọ́n kọ 9900 sí lára.

Àlàájì ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n kó bátìrì méjì sí mi lọ́wọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. "Èwo ló wúwo?" HR6 gidi máa ń wọn nǹkan bí gíráàmù 26 sí 31. Ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́ bí ike. Ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́.

Ẹ tún wo bóyá wọ́n kọ "pre-charged" tàbí "ready to use" sí páálí rẹ̀. Bátìrì NiMH ti àkọ́kọ́ máa ń jò fúnra rẹ̀: ẹ ṣáájì rẹ̀ lónìí, ẹ fi sínú dúrọ́ọ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Sanyo ní Japan gbé irú kan tí wọ́n pè ní Eneloop jáde, tí èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ míì náà ti ń ṣe irú rẹ̀ báyìí. Irú èyí ni kí ẹ rà.

Èyí tó lè ba ẹ̀rọ yín jẹ́

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí yìí. Lórí àtẹ kan náà, ẹ lè rí bátìrì lithium kan tó tóbi bí AA gẹ́lẹ́, tí wọ́n kọ 14500 àti 3.7V sí lára. Ó máa wọ inú ẹ̀rọ yín láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀rọ ń retí lọ. Tí ẹ bá kó mẹ́rin sínú ẹ̀rọ BP, ẹ̀rọ náà lè jóná lójú ẹsẹ̀. Àyàfi tí wọ́n bá kọ 3.7V sára tọ́ọ̀ṣì yín, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ lithium 1.5V, tí ihò wáyà USB máa ń wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyẹn ò léwu fún ẹ̀rọ, torí nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ agbára náà di 1.5V. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà rẹ̀. mWh ni wọ́n sábà máa ń kọ, kì í ṣe mAh. Ẹ pín in sí 1.5. Èyí tí wọ́n kọ 3000 mWh sí, 2000 mAh péré ni. Nǹkan méjì ni kò jẹ́ kí n rà á fún ìyá àgbà. Àkọ́kọ́, 1.5V ló máa ń wà títí á fi kú lójijì, àmì bátìrì tó ń tán lójú ẹ̀rọ kò ní kìlọ̀ fún wọn. Ìkejì, ó lè máa dún hììì nínú rédíò AM, rédíò sì ni ọ̀rẹ́ ìyá àgbà.

Ṣájà ló ń pa bátìrì

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní bátìrì tó ṣeé ṣáájì kò dára, ṣájà wọn ni kò dára. Ṣájà olówó pọ́ọ́kú kan wà tí kò mọ ìgbà tí bátìrì kún. Bó ti kún, á ṣì máa rọ iná sí i, bátìrì á gbóná, á sì máa kú díẹ̀díẹ̀.

Òmíràn ń lo aago: á ka wákàtí mélòó kan, á sì dá dúró. Ìyẹn lè dára nílùú tí iná kì í lọ. Ní Ìlọrin ńkọ́? Ká ní ó kù wákàtí kan kó dá dúró, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí wọ́n bá mú un padà wá, aago inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bátìrì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀ á tún gba odindi ṣáájì míì. Bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ ó ní bátìrì yẹn ò dára.

Èyí tí ẹ fẹ́ ni èyí tó ń wo bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tó sì ń dá dúró fúnra rẹ̀ tí bátìrì bá kún. Ẹ ka iná kékeré ara rẹ̀. Tí àyè bátìrì bá jẹ́ mẹ́rin, tí iná sì jẹ́ mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó dára. Tí iná bá jẹ́ méjì, méjì méjì ló ń kó wọn pọ̀, èyí tó kún á sì máa jìyà nítorí èkejì rẹ̀.

Ẹ tún wo iye mA tó ń gbé jáde. Tó bá jẹ́ 200 mA, bátìrì 2000 mAh á gbà tó wákàtí 14. Níbi tí iná kì í ti dúró, ìyẹn ti pọ̀ jù. 500 mA á ṣe é ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún. Èyí tó ń lo wáyà USB ni èmi yàn, kí n lè fi power bank ṣáájì rẹ̀ tí iná bá lọ.

Owó iná ńkọ́? Ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ ká lo iye tí wọ́n gbé Band A lọ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìyẹn ₦225 lórí yúnìtì kan. Bátìrì AA kan kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 200 yúnìtì lọ, pẹ̀lú èyí tó ṣòfò sínú ooru. Ó fi díẹ̀ lé ní náírà kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Àpẹẹrẹ ni owó tí mo fẹ́ pè yìí. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní bátìrì alkaline kan jẹ́ ₦500. Ká ní ṣájà tó dára pẹ̀lú HR6 mẹ́rin jẹ́ ₦20,000.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Alfa tó ń ṣe tafsir nínú oṣù Ramadan. Gbohùngbohùn aláìníwáyà wọn ń jẹ bátìrì méjì, ìyẹn ₦1,000. Ká ní ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Nínú oṣù Ramadan nìkan, wọ́n á ti ná ₦15,000. Tí a bá fi wálímà àti ìgbéyàwó tó tẹ̀lé e kún un, ogójì ọjọ́ iṣẹ́ ni owó ṣájà padà sílé. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n lọ rà á.

Èmi fúnra mi ńkọ́? Ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn ètò yìí sílẹ̀ ń jẹ bátìrì méjì lọ́sẹ̀. ₦1,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 20, ó dọ́gba. Oṣù márùn-ún sí mi, lẹ́yìn náà èrè ni. Bátìrì yìí tó bá rí ìtọ́jú lè gba ṣáájì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà.

Aago ara ògiri ńkọ́? Bátìrì kan lọ́dún. ₦500. Ogójì ọdún ni owó yẹn máa tó padà wá. Ẹ má ṣe é. Rìmóòtù náà, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀rọ BP ìyá àgbà wá ńkọ́? Ibí yìí ni ojú ti tì mí. Àlàájì yí ẹ̀rọ náà padà, wọ́n ṣí ìdérí ilé bátìrì rẹ̀, wọ́n fi ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ hàn mí: LR6. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Alkaline mẹ́rin lè wọn ìfúnpá lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀, ₦4,000 nìyẹn lọ́dún, ọdún márùn-ún gbáko kí owó tó padà. Ta ló sì máa máa rántí kì í bọ ṣájà? Ìyá àgbà tó lé ní ọgọ́rin ọdún?

Bátìrì tó ṣeé ṣáájì tí mo torí rẹ̀ wá ọjà, wọn ò nílò rẹ̀. R6 tí mo ń rà nítorí pé owó rẹ̀ kéré ló fa gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo rà, àti bí mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Mo ra LR6 mẹ́jọ fún ìyá àgbà. Mẹ́rin wọ inú ẹ̀rọ, mẹ́rin tó kù, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n má baà dúró de ẹnikẹ́ni. Fún ara mi, mo ra HR6 mẹ́rin àti ṣájà oníná mẹ́rin. Méjì ń ṣiṣẹ́, méjì ń sinmi.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù, ẹ má sì da HR6 pọ̀ mọ́ LR6 nínú ẹ̀rọ kan. Èyí tó lágbára á fa èyí tí kò lágbára kọjá ibi tó lè dé, yóò sì bà á jẹ́. Èmi fi báírò kọ A sára méjì, mo kọ B sára méjì, wọn kì í ya ara wọn. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Èyí tó bá ti kú pátápátá, ẹ má sọ ọ́ sínú iná tí wọ́n fi ń sun pàǹtí, ó lè bẹ́. Tí ẹ̀rọ yín yóò bá jókòó fún oṣù mélòó kan, ẹ yọ bátìrì inú rẹ̀ kó má baà jò sí i.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ nílò èyí tó ṣeé ṣáájì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ béèrè pé: ìgbà mélòó ni mò ń pààrọ̀ bátìrì nǹkan yìí? Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù sí oṣù, ẹ ra HR6 àti ṣájà gidi. Tó bá jẹ́ ọdún sí ọdún, ẹ ra LR6, kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ó di oṣù mẹ́rin báyìí. Bátìrì mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ ìyá àgbà. Nígbà tí mo tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kò sí ọjọ́ kan tó ṣófo. Ó rí i pé ti alẹ́ máa ń ga ju ti àárọ̀ lọ, ó sì tún oògùn wọn tò.

Bí a ṣe ń jáde, ìyá àgbà ní, "Ọlọ́jà yẹn mà gbọ́n o. O kí i fún mi."

Mo ti kí wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ àwọn òbí yín wò lónìí, kí ẹ ka lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Títí a ó fi tún pàdé, ire o.